Pẹ́dàlì Jìtá àti Modeler: Ibo Gan-an Ni Wáyà Ń Lọ?

Ọ̀sán Sátidé kan ni ọmọkùnrin kan tí mò ń kọ́ ní jìtá wá bá mi ní Mọ́kọ́lá, báàgì ńlá kan lọ́rùn. Kò tíì mu omi tí mo gbé fún un tó fi da gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀: modeler kan, pẹ́dàlì mẹ́ta tó rà ní tòkúnbọ̀, àti wáyà tó lọ́ mọ́ra bí ìfun ewúrẹ́.

"Bọ̀dá, ẹ gbà mí o. Wọ́n ní pẹ́dàlì kì í bá modeler ṣe. Mo sì ti náwó sí i."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wọn ni."

Mo mọ "gbogbo wọn" yẹn. Wọ́n wà nínú kúáyà, wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ jùjú tó ń ṣeré òde, wọ́n tún wà nídìí igbá ẹni tó ta pẹ́dàlì náà fún un. Wọn ò purọ́ pé ohùn tí wọ́n gbọ́ kò dára. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n di ẹ̀bi ru dígítà, ìyẹn ohun èlò tó ń sọ ohùn di nọ́ńbà. Èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí mo ti bá èèyàn tú wò, pẹ́dàlì dúró síbi tí kò yẹ ni, tàbí ohùn tó ń wọlé ti lágbára jù, tàbí kó jẹ́ iná ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú àpótí tí wọ́n ń pè ní modeler. Oníjìtá àtijọ́ ní ìlà kan tí ohùn rẹ̀ ń tọ̀: jìtá wọ pẹ́dàlì, pẹ́dàlì wọ áńpù, áńpù gbé e fún sípíkà, wọ́n wá gbé máíkì síwájú sípíkà kí ohùn tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó ti míkísà. Modeler jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré tó ń sín gbogbo ìlà yẹn jẹ. Jìtá á wọlé, á sọ ọ́ di nọ́ńbà, á ṣe ìṣirò bí áńpù kan pàtó á ṣe ṣe é, bí sípíkà àti máíkì á ṣe gbọ́ ọ, á wá dá a padà sí iná tó lè gba wáyà jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ mọ irú nǹkan yìí nígbà tí Line 6 gbé POD jáde ní 1998. Lẹ́yìn rẹ̀ la rí Axe-Fx, a rí Kemper láti Jámánì, Helix dé ní 2015, Quad Cortex náà sì dé láti Finland. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé kì í ṣe pẹ́dàlì kan ni modeler. Yàrá kan ni, tó kún fún ohun èlò, tí wọ́n ká sínú àpótí. Tí ẹ bá wá fẹ́ mú pẹ́dàlì ti ìta wá, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ibo ni ì bá dúró sí ká ní yàrá gidi ni?

Kí n tó gbàgbé: tí ẹ bá gbọ́ pé Sunny Ade mú pedal steel wọnú jùjú, ìyẹn kọ́ là ń sọ o. Jìtá ni ìyẹn, wọ́n ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ bíi tábìlì, pẹ́dàlì abẹ́ rẹ̀ sì ń fa okùn rẹ̀ kí ohùn lè yí. Ẹnì kan ti bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí rí títí ilẹ̀ fi ṣú. Pẹ́dàlì tiwa yìí ni àpótí irin kékeré tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí ohùn jìtá ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ẹnu ọ̀nà méjì ni pẹ́dàlì lè gbà wọ inú modeler. Ó lè gba iwájú: jìtá sínú pẹ́dàlì, pẹ́dàlì sínú ihò Input. Tàbí kó gba ihò méjì tí wọ́n kọ Send àti Return sí. Send ni modeler fi ń na ohùn síta fún pẹ́dàlì, pé gbà, lọ ṣe tìẹ. Return ló fi ń gbà á padà. Ìrìnàjò lọ-bọ̀ yẹn ni FX Loop. Adùn rẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ máa pinnu ibi tí ohùn á ti yà jáde nínú ìlà: kó tó dé áńpù ni, lẹ́yìn áńpù ni, tàbí lẹ́yìn sípíkà. Àwọn modeler kéékèèké kan ò ní Send àti Return rárá. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, iwájú lẹ máa lò fún ọ̀pọ̀ nǹkan.

Èwo ló wá yẹ kó ṣáájú èwo? Ẹ wo ìyá tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sára aṣọ Ìbàdàndùn. Ẹ̀kọ ló kọ́kọ́ ń kùn, á jẹ́ kó gbẹ, kó tó ri aṣọ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní ráyè wọ̀; ibẹ̀ ni àwòrán ti ń jáde. Bó bá ri aṣọ sínú aró ná kó tó kun ẹ̀kọ, aṣọ á kàn dúdú lásán ni. Aṣọ kan náà, ẹ̀kọ kan náà, aró kan náà.

Bí ọ̀rọ̀ distortion àti delay ṣe rí nìyẹn. Distortion ni pẹ́dàlì tó ń mú ohùn jìtá há bí ohùn ẹni tó ṣe ìsọ́ òru mọ́jú. Ohun tó sì ń ṣe gan-an ni pé ó ń fa ohùn kékeré sókè kó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tó tóbi dọ́gba. Delay ni gbohùngbohùn: ẹ ta okùn lẹ́ẹ̀kan, á máa dá yín lóhùn títí á fi kú lọ. Bí delay bá ṣáájú, gbogbo ìdáhùn tó yẹ kó máa kú lọ díẹ̀díẹ̀ ni distortion á tún fà sókè, gbogbo rẹ̀ á wá dà rú mọ́ra wọn bí ariwo inú ọjà. Bí distortion bá ṣáájú, ohùn tó ti há tán ni gbohùngbohùn á máa tún sọ, á sì mọ́ létí. Nítorí náà, pẹ́dàlì tó ń mú ohùn há, ẹ jẹ́ kó gba iwájú. Delay àti reverb (tó ń mú ohùn dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ló wà), ẹ fi wọ́n sínú FX Loop, kí búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ìyẹn àmì tó dúró fún un nínú ìlà ojú modeler, wà lẹ́yìn áńpù. Chorus, tó ń mú ohùn kan dún bí ọ̀pọ̀, àti phaser, tó ń mú ohùn yí lọ yí bọ̀, kò ní òfin. Èmi ń fi phaser síwájú, mo ń fi chorus sẹ́yìn, ẹni tó bá ṣe òdìkejì kò jẹ gbèsè.

Fuzz, irú distortion àtijọ́ tó ń há gan-an, nìkan ló ń ṣe ìgbéraga. Irú Fuzz Face tó jáde ní 1966 yẹn, kì í fẹ́ kí nǹkan kan là á láàárín òun àti jìtá. Ó fẹ́ fọwọ́ kan jìtá fúnra rẹ̀, torí pé bí ó ṣe ń fa iná lára jìtá wà lára ohun tó ń fún un ní ohùn. Ìyẹn náà ló fà á tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá dín volume jìtá kù díẹ̀, ohùn rẹ̀ á mọ́. Bí ẹ bá fi sínú FX Loop, ọwọ́ modeler ló ń dì mú, kì í ṣe ọwọ́ jìtá mọ́, ohùn rẹ̀ á wá máa han bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo rí ẹni tó ta fuzz rẹ̀ ní ìdajì owó nítorí èyí nìkan. Jìtá, fuzz, Input: ó parí. Ọ̀pọ̀ wah àtijọ́, pẹ́dàlì tí ẹsẹ̀ ń mì tí jìtá fi ń ké "wáà", náà ní irú ìwà yìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ agbára ohùn, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohùn burúkú ti ń wá. Ohùn tó ń jáde lára jìtá kéré. Wọ́n ń pè é ní instrument level. Èyí tó ń jáde lára míkísà àti ohun èlò sítúdíò lágbára jù ú lọ dáadáa. Ìyẹn ni line level. Ọ̀pọ̀ modeler ló jẹ́ kẹ́ ẹ yan ọ̀kan nínú méjèèjì fún Send àti Return. Instrument level ni wọ́n ṣe pẹ́dàlì ilẹ̀ fún. Bí Send yín bá wà ní line level, ẹ ń da omi garawa sínú ife nìyẹn.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni pé dígítà kì í gba àṣejù. Áńpù onítúùbù, irú ti àtijọ́ tó ń fi túùbù gíláàsì ṣiṣẹ́, bí ẹ bá tì í ju agbára rẹ̀ lọ, ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, títẹ̀ yẹn gan-an la sì ń gbádùn. Àmọ́ ibi tí modeler ti ń sọ ohùn di nọ́ńbà ní àjà. Ohun tó bá ga ju àjà lọ, gígé ni, á máa ta pàpà létí. Ọmọ mi yìí ti yí Level pẹ́dàlì rẹ̀ dé òpin, iná pupa Input ń ṣẹ́jú sí i, ó rò pé ó ń kí òun ni. Mo yí i sẹ́yìn títí pupa fi kú. Bí modeler yín bá ní bọ́tìnnì Pad, òun náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Èyí ò sọ pé ẹ ò lè fi pẹ́dàlì ti áńpù inú modeler o. Ọgbọ́n àtijọ́ ti Tube Screamer, pẹ́dàlì overdrive tó ń mú ohùn há díẹ̀, pé kí Drive kéré kí Level ga díẹ̀, ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dáadáa, torí áńpù tí wọ́n sín jẹ náà mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ti òun. Ẹ kàn máa ṣọ́ àjà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá FX Loop yín wà ní ìwọ̀n, ẹ wá wáyà kúkúrú kan, ẹ fi so Send mọ́ Return ní tààrà, láìsí pẹ́dàlì kankan láàárín. Ẹ tan búlọ́ọ̀kù náà, ẹ ta jìtá. Ẹ pa á, ẹ tún ta á. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, pẹ́dàlì yín kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ lọ tún ètò Send àti Return ṣe. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí ju ohunkóhun tí mo mọ̀ lọ, wáyà kan ṣoṣo ló ń ná yín.

Ìgbéyàwó kan ní Ring Road ló kọ́ mi ní èyí tó tẹ̀ lé e. Mo so delay àtijọ́ mi mọ́ Send àti Return, mo dán an wò nílé, ó dùn bí oyin. Nígbà tí wọ́n pe ìyá ìyàwó jáde, mo yí preset (ètò ohùn tí mo ti tò pa mọ́ sínú modeler) padà sí èyí tí mo fi ń ta jùjú, mo tẹ delay, kò sí nǹkan kan. Iná rẹ̀ tàn. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbọn wáyà. Onígángan ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi ìlù bú mi. Orin mẹ́ta lọ báyìí. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i: preset àkọ́kọ́ ní búlọ́ọ̀kù FX Loop nínú, èkejì ò ní. Pé wáyà wà nínú ihò Send kò sọ pé ohùn ń gba ibẹ̀. Nínú Helix, Quad Cortex àti irú wọn, ẹ gbọ́dọ̀ fi búlọ́ọ̀kù náà sínú ìlà, nínú preset kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fẹ́ lò ó, kẹ́ ẹ sì tẹ Save. Mi ò kí ń fi preset kankan jáde nílé mọ́ láìwo èyí.

Ẹ tún ṣọ́ra fún sípíkà. Sípíkà jìtá gidi kì í jẹ́ kí ohùn tó ga ju nǹkan bíi 5 kHz lọ kọjá dáadáa. Òun ló ń gé ẹ̀gún distortion. Bí ẹ bá ki pẹ́dàlì distortion bọ míkísà ní tààrà, agbọ́n inú agolo lẹ máa gbọ́. Nínú modeler, búlọ́ọ̀kù Cab tàbí IR (fáìlì tí wọ́n fi ka ìṣe sípíkà gidi sílẹ̀) ló ń ṣe iṣẹ́ sípíkà yẹn, nítorí náà ohunkóhun tó ń mú ohùn há gbọ́dọ̀ wà ṣáájú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ inú áńpù jìtá gidi ni modeler yín ń lọ, ẹ pa Cab. Sípíkà tí wọ́n sín jẹ tó tún gba inú sípíkà gidi kọjá, bí ẹni tó fi ìrọ̀rí bo ẹnu sọ̀rọ̀ ló ń rí.

Ibẹ̀ ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ wáyà mẹ́rin, tó ń dẹ́rù ba gbogbo èèyàn. Ká ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ní áńpù gidi tó dára, tó ní Send àti Return lẹ́yìn, tẹ́ ẹ sì fẹ́ lo ohùn áńpù yẹn gan-an, kí modeler kàn máa ṣe iṣẹ́ pẹ́dàlì. Inú áńpù pín sí méjì: iwájú tó ń ṣe ohùn, ẹ̀yìn tó ń fún un lágbára. Ẹ fẹ́ kí distortion modeler wọ iwájú, kí delay rẹ̀ sì bọ́ sáàárín méjèèjì. Wáyà kìíní, jìtá sí Input modeler. Ìkejì, Send modeler sí Input áńpù. Ìkẹta, Send áńpù sí Return modeler. Ìkẹrin, Output modeler sí Return áńpù. Nínú ìlà, ohun tó bá wà ṣáájú búlọ́ọ̀kù FX Loop ń wọ iwájú áńpù, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wọ àárín. Ẹ pa áńpù àti Cab inú modeler, torí áńpù gidi ti wà níbẹ̀. Mo lẹ téèpù aláwọ̀ mẹ́rin mọ́ wáyà tèmi. Ní aago méje àárọ̀ Sunday, kò sẹ́ni tó lè fi orí rántí.

Iná ńkọ́? Pẹ́dàlì tó pọ̀ jù ń mu 9V, nẹ́gétíìfù sì ni àárín ẹnu adáptọ̀ rẹ̀. Ẹ wo àwòrán róbótó kékeré tó wà lára adáptọ̀ kẹ́ ẹ tó fi í sínú pẹ́dàlì, torí adáptọ̀ kíbọ́ọ̀dù tó wà nílé lè jẹ́ pọ́sítíìfù láàárín, lè tún jẹ́ 12V. Fólítì gbọ́dọ̀ bára mu. Ámpíà tó wà lára adáptọ̀ lè ju èyí tí pẹ́dàlì ń béèrè lọ, àmọ́ kò gbọdọ̀ dín. Àlàfo tó wà níbẹ̀ pọ̀: pẹ́dàlì distortion Boss DS-1 kò mu tó 20 mA (1,000 mA ló jẹ́ ámpíà kan), nígbà tí adáptọ̀ tó wá pẹ̀lú modeler HX Stomp lè pèsè ámpíà 3. Ẹni tó bá wá so modeler àti pẹ́dàlì mẹ́rin mọ́ wáyà olórí-púpọ̀ kan ṣoṣo, ìró fíìn bí ẹ̀fọn létí lóru ló máa bá a délé. Bí ẹ bá gbọ́ ìró yẹn, ẹ fi bátìrì 9V sínú pẹ́dàlì, kẹ́ ẹ yọ adáptọ̀ rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ẹ ti mú olè. Ẹ jẹ́ kí modeler máa dá adáptọ̀ tirẹ̀ lò, kẹ́ ẹ wá pawá sùpúláì tí ihò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró fún àwọn yòókù.

Hùùù tó wúwo, tó ń ti ìsàlẹ̀ wá, yàtọ̀ sí fíìn. Ìyẹn sábà máa ń wá nígbà tí ohun èlò méjì gba ọ̀nà méjì dé ilẹ̀: áńpù lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, modeler tàbí kọ̀ǹpútà lára òmíràn. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí ẹksitẹ́ńṣọ̀n kan ná. Bó bá jẹ́ míkísà lẹ̀ ń lọ, bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Ground Lift sí lára DI, àpótí kékeré tó ń so jìtá mọ́ míkísà, lẹ máa tẹ̀. Ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Mo mọ̀ pé ó ń pa hùùù náà. Ẹsẹ̀ yẹn ló wà láàárín yín àti iná tó lè gba okùn jìtá wọ ọwọ́, pàápàá bí ẹnu yín bá kan máíkì. Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó fara balẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan modeler. Bí NEPA bá sì dé lójijì, ẹ pa á kí wọ́n tó yí iná.

Wọ́n máa sọ fún yín pé FX Loop ń mú ohùn pẹ́ dé. Òótọ́ ni, ó ń fi nǹkan bíi milisẹ́kọ́ńdì 1 sí 2 kún un. Láàárín milisẹ́kọ́ńdì kan, ohùn ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 nínú afẹ́fẹ́. Bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan sún sẹ́yìn lọ́dọ̀ sípíkà ni. Ẹni tó bá ní èyí ń da òun láàmú, ẹ bi í bó ṣe ń ṣe é tó fi ń ta jìtá láti ìdí onílù.

Ihò tí wọ́n kọ EXP sí kì í ṣe ti pẹ́dàlì ohùn. Pẹ́dàlì tí ẹ fi ń darí volume tàbí wah inú modeler ló ni ín. Ẹ má fi distortion síbẹ̀.

Pẹ́dàlì mẹ́ta ọmọ náà ńkọ́? Ìkíní jẹ́ overdrive aláwọ̀ ewé tó fara wé Tube Screamer. Modeler rẹ̀ ti ní èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí i nínú, mo sì sọ fún un pé kó dá a padà sínú báàgì. Ojú rẹ̀ fà ro. Fuzz rẹ̀ la fi sáàárín jìtá àti Input. Delay àtijọ́ tó ń sọ ohùn di ṣókùnkùn bó ṣe ń kú lọ, irú èyí tí kò sí nínú modeler rẹ̀, la fi sínú FX Loop, Send ní instrument level, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ láàárín áńpù àti Cab. A gbé wáyà kúkúrú sílẹ̀, a dán an wò, ó dọ́gba. Ó tẹ fuzz, ó ta okùn kejì, ó dín volume jìtá rẹ̀ kù díẹ̀, ohùn náà mọ́ lójijì, gbohùngbohùn ń tẹ̀ lé e. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé kí n ta aláwọ̀ ewé yẹn?"

"Elo lo rà á?"

Ó dárúkọ owó náà. Mo ní kó tọ́jú rẹ̀ sílé. Áńpù ṣọ́ọ̀ṣì wọn kò ní modeler.